Bí Ọmọ Bá Gba Ọ̀ọ́dúnrún Máàkì

Ìbéèrè kan wà tí kì í tán lẹ́nu àwọn tó ń wá bá wa ní mọ́ṣáláṣí àdúgbò wa ní Ìjẹ̀bú-Ọ̀wọ̀, pàápàá ní àsìkò tí èsì ìdánwò JAMB bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Wọn yóò na fóònù sí wa, wọn yóò ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa wò ó. Ọmọ yìí gba ọ̀ọ́dúnrún lé. Ṣé ó ti wọlé nìyẹn?" Inú wa a máa dùn sí irú èsì bẹ́ẹ̀, a ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Allah. Ṣùgbọ́n a kì í dáhùn ìbéèrè náà lójú ẹsẹ̀. Àwa náà a kọ́kọ́ béèrè tiwa: Yunifásítì wo ló yàn ṣíwájú? Iṣẹ́ wo ló fẹ́ kọ́? Kí ló gbà nínú WAEC? Ibẹ̀ ni ojú òbí á ti máa yí padà díẹ̀díẹ̀, nítorí wọ́n ti rò pé ọ̀ọ́dúnrún náà ti parí ọ̀rọ̀.

Àwa tí à ń sọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe òṣìṣẹ́ JAMB, a kì í sì í ṣe alága ìgbìmọ̀ ìgbàwọlé níbì kankan. Àwa mẹ́rin ni a wà nídìí rẹ̀: olùkọ́ méjì, nọ́ọ̀sì kan, àti ẹnì kan tó ń ta ìwé. Ó ti tó ọdún mélòó kan báyìí tí a ti ń kó àwọn ọmọ jọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ mọ́ṣáláṣí lẹ́yìn ìrun Asri ní ọjọ́ Sátidé fún lẹ́sìn ọ̀fẹ́. Ọmọ Mùsùlùmí ń wá, ọmọ Kristẹni náà ń wá, a kò lé ẹnikẹ́ni rí. Ohun tí ojú wa ti rí níbẹ̀ ni a fẹ́ sọ.

Ọ̀rọ̀ à ń wá ibi tí ọmọ tó mọ̀wé yóò wọ̀ kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Ọ̀wọ̀. Olóògbé Michael Adékúnlé Ajásin, tí wọ́n bí ní Ọ̀wọ̀ ní 1908, ti ṣe iṣẹ́ olùkọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ó tó rí ààyè lọ sí yunifásítì. Nígbà tí yóò lọ ní 1943, Fourah Bay ní Sàró ni ó gbà lọ, torí pé ní gbogbo Nàìjíríà nígbà náà kò sí yunifásítì kan ṣoṣo. Ọdún 1948 ni ti Ìbàdàn tó bẹ̀rẹ̀. Bàbá yìí padà wálé, ó di ọ̀gá ilé-ìwé Imade College ní Ọ̀wọ̀, ó dá Owo High School sílẹ̀, ó sì ṣe gómìnà Ìpínlẹ̀ Oǹdó láti 1979 di 1983. Yunifásítì tó wà ní Àkùngbá Àkókó lónìí, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi ń pè é. Ní ti àwa Mùsùlùmí, ẹ̀rù ló kọ́kọ́ dá àwọn baba wa dúró. Wọ́n ń bẹ̀rù pé bí ọmọ bá lọ sí ilé-ìwé, yóò gbàgbé ìrun. Ó di 1923 kí àwọn ọ̀dọ́ Èkó kan tó dá Ansar-Ud-Deen sílẹ̀, tí wọ́n ní àwọn yóò kọ́ ilé-ìwé tiwọn. Nítorí náà, bí ẹ bá rí òbí Mùsùlùmí kan tí ara rẹ̀ kò balẹ̀ nítorí ìwé ọmọ, ẹ mọ̀ pé gbèsè àtẹ̀yìnwá wà níbẹ̀ tí ó ń fẹ́ san.

Nígbà tí yunifásítì di mélòó kan, olúkúlùkù ló ń gba ọmọ lọ́nà tirẹ̀. Ọmọ kan a rí ààyè gbà ní ibi mẹ́ta, yóò jókòó sí ẹyọ kan, ààyè méjì yòókù a ṣófo, bẹ́ẹ̀ ni ẹlòmíràn ń wá ibi tí yóò fi ìdí lé kò rí. Èyí wà lára ohun tó mú kí ìjọba dá JAMB sílẹ̀ ní 1978. Láti ìgbà náà, ẹnu ọ̀nà kan ni gbogbo wa ń gbà. Ẹnu ọ̀nà náà kò fẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á wo iye ẹni tó ń dú u. Ní 2025, èsì tí JAMB kọ́kọ́ kéde jẹ́ ti ẹni 1,955,069. Ó lé ní mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀ nínú wọn tí kò gba 200 nínú 400. Àwọn tó gba 300 sókè jẹ́ 12,414. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀, kò tó ẹyọ kan nínú ọgọ́rùn-ún. Ọmọ tó bá wà láàárín wọn ti ṣe bẹbẹ, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fojú tín-ín-rín rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ẹgbẹ̀rún méjìlá àti díẹ̀ wọ̀nyí kì í tú ká sí gbogbo yunifásítì Nàìjíríà. Ojú kan náà ni púpọ̀ nínú wọn ń wò: Ìbàdàn, Ifẹ̀, Èkó, Ìlọrin, Nsukka. Iṣẹ́ kan náà ni púpọ̀ nínú wọn sì ń kọ sínú fọ́ọ̀mù: dókítà, lọ́yà, ẹnjiníà, nọ́ọ̀sì. Ọmọ tí ó jẹ́ àkọ́kọ́ ní kíláàsì rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Ọ̀wọ̀ yóò dé ibẹ̀, yóò rí i pé gbogbo ẹni tó wà lórí ìlà ni àkọ́kọ́ ní kíláàsì tirẹ̀. Èyí máa ń ya àwọn ọmọ lẹ́nu ju ìdánwò gan-an lọ.

Ìdánwò náà kì í ṣe ti ọgbọ́n orí nìkan. Ìbéèrè 180 ni, 60 fún èdè Gẹ̀ẹ́sì, 40-40 fún iṣẹ́ mẹ́ta yòókù, wákàtí méjì ni wọ́n sì fi ń ṣe é. Tí ẹ bá pín in, ìṣẹ́jú àáyá 40 ni ó kan ìbéèrè kọ̀ọ̀kan. Láti 2015 ni gbogbo rẹ̀ sì ti di orí kọ̀ǹpútà. Ọmọ tó ń gbé Ìkejà ti ń fi ọwọ́ tẹ kọ̀ǹpútà láti kékeré. Nínú àwọn tiwa, àwọn kan wà tó jẹ́ pé ọjọ́ ìdánwò gan-an ni wọn ì bá kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án. Kọ̀ǹpútà alágbèéká kan ṣoṣo ni a ní lọ́dẹ̀dẹ̀ wa, ẹni tó fún wa sì ti lò ó gbó kí ó tó fi ta wá lọ́rẹ. Ọmọ kọ̀ọ̀kan ń jókòó sí i fún ogún ìṣẹ́jú, ẹni tó kàn a máa fi aago ọwọ́ ṣọ́ ọ. A rí i pé ọmọ tó ń gba ìbéèrè 25 lórí ìwé lè gba 17 lórí kọ̀ǹpútà lọ́jọ́ àkọ́kọ́, lórí iṣẹ́ kan náà. Kò gbàgbé nǹkan kan. Ọwọ́ rẹ̀ ni kò tíì mọ ibi tí ó ń lọ.

Ní báyìí, ká ní ó gba ọ̀ọ́dúnrún náà. Yunifásítì ìjọba àpapọ̀ kì í ka orúkọ láti òkè wá sísàlẹ̀ títí ààyè yóò fi tán, bí ọ̀pọ̀ òbí ṣe rò. Ọ̀nà mẹ́ta ni ìjọba pín in sí. Nínú ọgọ́rùn-ún ààyè, 45 jẹ́ ti àwọn tó mókè jù lọ, ibi yòówù kí wọ́n ti wá. 35 jẹ́ ti àwọn ọmọ ìpínlẹ̀ tó yí yunifásítì náà ká. 20 yòókù jẹ́ ti àwọn ìpínlẹ̀ tí ìjọba kà sí pé ètò ẹ̀kọ́ ibẹ̀ kò tíì fẹsẹ̀ rinlẹ̀ tó. Ìpínlẹ̀ Oǹdó kò sí lára àwọn wọ̀nyí. Nítorí náà, ọmọ Ọ̀wọ̀ tó yan Ifẹ̀ ní ìrètí nínú 45, bí kò bá sì bọ́ sí i, ó ṣì ní ìrètí nínú 35. Bí ó bá jẹ́ Zaria ni ó yàn, 45 yẹn nìkan ló kù fún un.

Àwọn kan a máa bínú sí ìpín kẹta yìí. Wọ́n ní kí ni ọmọ tó gba 220 ń ṣe ní ibi tí wọ́n ti lé ọmọ tó gba 300. A gbọ́. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì àárín wa, tó ti sìnrú ìlú rẹ̀ ní òkè ọya, sọ fún wa pé òun bá ọmọ níbẹ̀ tó ń kọ́ kẹ́mísírì láìrí ìgò yàrá àyẹ̀wò kan rí láyé rẹ̀. Ẹni tí kò bá fẹ́ kí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní ààyè tirẹ̀, kí ó kọ́kọ́ ra ìgò náà fún un.

Ìlà míràn tún wà lẹ́yìn ti JAMB. Ní 2005 ni ìjọba gba àwọn yunifásítì láyè láti tún máa dán ọmọ wò fúnra wọn. Wọ́n dá a dúró ní 2016, wọ́n sì dá a padà ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Òun ni a ń pè ní Post-UTME. Ẹ̀ka yìí ni ọ̀pọ̀ ọmọ tó mọ̀wé ti ń ṣubú, nítorí pé nígbà tí wọ́n bá ti rí ọ̀ọ́dúnrún, wọn á ká ìwé nílẹ̀. Ẹ wo bí Ìbàdàn ṣe ń ṣe ìṣirò tirẹ̀: wọn yóò fi 8 pín máàkì JAMB, wọn yóò fi 2 pín ti Post-UTME, wọn yóò sì ro méjèèjì pọ̀. Ọmọ tó gba 312 ní JAMB ti ní 39. Ọmọ tó gba 280 ní 35. Ìyàtọ̀ tó dà bí òkè lórí fóònù ti di 4 péré. Tí ẹni àkọ́kọ́ bá wá gba 64 ní Post-UTME, 32 nìyẹn, àpapọ̀ rẹ̀ di 71. Tí ẹnì kejì bá sùn lé ìwé rẹ̀ tó gba 80, 40 nìyẹn, àpapọ̀ tirẹ̀ di 75. Ẹni tó gba 280 ti kọjá ẹni tó gba 312 nìyẹn, kò sì sí màgòmágó kankan níbẹ̀.

Ní Èkó, wọ́n tún ń wo èsì WAEC. 50 ni ti JAMB, 30 ti Post-UTME, 20 ti WAEC. Iṣẹ́ márùn-ún ni wọn yóò kà, A1 ń gba 4, C6 ń gba 2. Ifẹ̀ náà ń ka èsì WAEC mọ́ tirẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi ń sọ fún àwọn ọmọ SS 2 pé kí wọ́n má ṣe tẹ́tí sí ẹni tó ń sọ pé kírẹ́dítì ṣáà ni kírẹ́dítì. Ní ibi tí wọ́n ti ń fi ìdá máàkì lé ọmọ padà, C6 nínú iṣẹ́ méjì ti gba máàkì mẹ́rin lọ́wọ́ rẹ̀ kí ó tó kúrò nílé.

Ní ti iṣẹ́ dókítà, ìgbìmọ̀ MDCN tó ń ṣàkóso iṣẹ́ náà ló ń sọ iye ọmọ tí ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ gbà. Yunifásítì tó bá gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ yóò rí ìjà wọn. Nítorí náà, bí gíwá bá fẹ́ràn ọmọ rẹ tó báwo, àga tó wà nílẹ̀ kò lè di méjì.

Ẹ jẹ́ kí á sọ ti ọmọbìnrin kan fún yín. A kò ní dárúkọ rẹ̀, òun náà sì ti gbà kí á sọ ọ́. Ọmọ àbúrò ọ̀kan nínú wa ni. Bàbá rẹ̀ ń la pákó, ìyá rẹ̀ ń ta obì. Kò sí ẹni tó kọ́ ọ ní ilé-ìwé tí kò sọ pé dókítà ni yóò dà. Láti kíláàsì kẹta ni wọ́n ti ń pè é ní Dókítà nílé, débi pé àwọn àbúrò rẹ̀ kéékèèké kò mọ̀ pé kì í ṣe orúkọ rẹ̀. Ní 2022, ó gba 287, ó kọ Ìṣègùn, kò rí i gbà. Ó jókòó sílé ọdún kan. Ní 2023, ó tún ṣe é. Ọdún yẹn, àwẹ̀ Ramadan ló ṣíwájú ìdánwò. Ọjọ́ Jímọ̀ 21 April ni a túnu, ọjọ́ 25 sì ni ìdánwò bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn sààrì ni ó máa ń kàwé títí oòrùn yóò fi yọ, nítorí pé ní ọ̀sán, ó ní ojú òun kì í lè mú lẹ́tà mọ́. Èsì dé: 312. Ìyá rẹ̀ pín àkàrà fún gbogbo ọmọ ilé-kéwú.

Yunifásítì tí ó yàn ń lo irú ìṣirò tí a ṣe lókè yìí. Ó lọ ṣe Post-UTME, ó dé, ó ní ó dára díẹ̀. Nígbà tí ìlà Ìṣègùn jáde, ó fi máàkì méjì àti díẹ̀ kù. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà, wọ́n fún un ní ẹ̀ka míràn lórí CAPS, ìyẹn ojú òpó tí JAMB gbé kalẹ̀ láti 2017 tí ọmọ ti ń fọwọ́ ara rẹ̀ gba ààyè tàbí kọ̀ ọ́. Fisiọ́lọ́jì ni wọ́n fún un, ìmọ̀ nípa bí ẹ̀yà ara ṣe ń ṣiṣẹ́.

Ìpàdé ẹbí tí a ṣe lálẹ́ ọjọ́ náà kì í ṣe kékeré. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ àgbà sọ pé kí ó kọ̀ ọ́. Ó ní ẹni tó ń wá ẹṣin kì í mú kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ wálé, kí ọmọ tún ìdánwò ṣe lẹ́ẹ̀kẹta. Àbúrò ìyá rẹ̀ ní rárá, pé ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni, pé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti wà ní ọdún kejì, pé àbúrò rẹ̀ ọkùnrin náà ń bọ̀ lẹ́yìn, fọ́ọ̀mù ẹni méjì lọ́dún kan náà yóò wọ bàbá wọn lára. Ẹnì kan wà níbẹ̀, àlejò ni, ó ní òun mọ ẹnì kan tó mọ ẹnì kan, pé bí wọ́n bá lè wá owó kan, orúkọ ọmọ yóò bọ́ sínú Ìṣègùn. Ó dárúkọ iye náà. Owó igi gẹdú fún oṣù mẹ́fà ni. Bàbá rẹ̀ kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ẹni tí mo fi àbẹ̀tẹ́lẹ̀ ra àga fún, ṣé òun ni yóò wá fi abẹ là mí níkùn?" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, àlejò náà bá wa rẹ́rìn-ín, kò sì tún pẹ́ tó fi lọ.

Lèmọ́mù wa, tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, ni ó sọ ọ̀rọ̀ kádàrá. Ó ní ohun tí Allah kọ ni yóò ṣẹ. Àmín la ṣe. Ṣùgbọ́n a ní ohun kan láti sọ nípa ọ̀rọ̀ yìí, a sì sọ ọ́ níwájú lèmọ́mù náà, kò bínú. Àwọn kan ń da kádàrá bo ohun tí wọn kò ṣe. Ọmọ kan ní àdúgbò wa kọ iṣẹ́ tí kò bá Ìmọ̀ Òfin mu sínú fọ́ọ̀mù, kò fi Lítíréṣọ̀ sí i. Nígbà tí wọn kò gbà á, ilé wọn ní kádàrá ni. Ọmọ mìíràn yan yunifásítì kan ṣe ìkejì, yunifásítì tó jẹ́ pé ẹni tó bá fi í ṣe àkọ́kọ́ nìkan ló ń gbà. Kádàrá náà ni wọ́n pè é. Ti ọmọbìnrin yìí yàtọ̀. Ó ṣe ohun gbogbo bí ó ti yẹ, ẹgbẹ̀rún ènìyàn náà sì ṣe é bí ó ti yẹ, àga kò tó. Níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ lèmọ́mù ti bọ́ sí i, a sì rí i pé ó tù ú nínú.

Òun fúnra rẹ̀ kò tíì sọ nǹkan kan. Nígbà tí a ní kí ó sọ̀rọ̀, ó ní kí ẹ jẹ́ kí òun sùn lé e lórí. Ó kírun istikhara ní òru ọjọ́ náà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó wọ hijaabu rẹ̀, ó lọ sí káfè ní Ọ̀wọ̀, ó sì gba Fisiọ́lọ́jì náà. Kò pe ẹnikẹ́ni tẹ̀lé ara rẹ̀. Ìyá rẹ̀ sunkún díẹ̀. Fún bí oṣù kan, kò sí ẹni tó mọ orúkọ tí wọn yóò máa pè é nílé.

Ó ti wọ ọdún kẹta báyìí. Àwọn kan ń bi í bóyá yóò tún gbìyànjú Ìṣègùn lẹ́yìn oyè àkọ́kọ́, nítorí ọ̀nà wà fún ẹni tó bá ní oyè láti gba Direct Entry. Ó ní bí ó bá dé ibẹ̀, òun yóò wò ó. Pé ọkàn inú eku ni àwọn ń kà lọ́wọ́, ó sì dùn mọ́ òun. A kò mọ̀ bóyá ó ń sọ ọ́ kí ọkàn wa lè balẹ̀ ni.

Nítorí irú ilé báyìí ni inú wa kì í ṣe dùn sí ariwo tí wọ́n ń pa lórí máàkì. Ní 2023 kan náà, ọmọbìnrin kan ní Ìpínlẹ̀ Anambra gbé èsì 362 jáde, ìlú pariwo rẹ̀, wọ́n fẹ́ fún un ní ẹ̀bùn. JAMB ní 249 ni ó gbà. Wọ́n jiyàn, wọ́n yan ìgbìmọ̀, ọmọ náà sì jẹ́wọ́ pé òun yí èsì náà padà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn bú u. Ohun tó ká wa lára ni pé 249 kì í ṣe máàkì tí ojú ń tì ènìyàn fún. Ẹni tó gbà á ti kọjá ọ̀pọ̀lọpọ̀ tó bá a jókòó ṣe é. Ta ló wá sọ fún ọmọ náà pé kò tó? Ní ọwọ́ kejì, ẹ̀rọ náà kì í ṣe wòlíì. Ní May 2025, Ọ̀jọ̀gbọ́n Is-haq Ọlọ́yẹ̀dé, tó jẹ́ ọ̀gá àgbà JAMB nígbà náà, bọ́ síwájú àwọn oníròyìn, ó ní àṣìṣe wà nínú ètò náà ní Èkó àti ìpínlẹ̀ márùn-ún ìlà oòrùn gúúsù, pé ó kan ọmọ 379,997. Omi bọ́ lójú ọ̀gá náà níbẹ̀. Wọ́n tún ìdánwò ṣe fún wọn. Àwọn òbí tó ti fi ẹgba na ọmọ wọn nítorí èsì àkọ́kọ́, a kò mọ ohun tí wọ́n wá sọ fún wọn.

Àwọn ọ̀dọ́ kan a máa bi wá nípa òkè òkun. Ní 2015 àti 2016, ọmọ méjì tí òbí wọn jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, tí wọ́n jáde ní ilé-ìwé girama kan náà ní Elmont, New York, gba ààyè ní gbogbo yunifásítì mẹ́jọ tí wọ́n ń pè ní Ivy League ní Amẹ́ríkà. Ìròyìn náà dé ibi gbogbo. Ó dára kí á mọ̀ pé ó ṣeé ṣe, ó sì dára kí á mọ̀ pé ìwọ̀nba ènìyàn díẹ̀ ni Harvard ń gbà nínú àwọn tó bá kọ̀wé sí i. Wọ́n ń wo èsì, wọ́n ń wo ìwé tí ọmọ kọ nípa ara rẹ̀, wọ́n ń wo ìwé tí olùkọ́ kọ nípa rẹ̀. Àwọn díẹ̀, bíi Harvard, Yale, Princeton àti MIT, kì í wo àpò òbí kí wọ́n tó gba ọmọ, ibi yòówù kí ó ti wá, wọn a sì pèsè ohun tí àpò náà kò bá ká. Ọmọ tó bá fẹ́ dán an wò, kí ó bẹ̀rẹ̀ ní SS 1, kí ó sì ṣe fọ́ọ̀mù JAMB rẹ̀ pẹ̀lú.

Nítòsí wa níhìn-ín, ọ̀nà wà tí a kì í fẹ́ wò torí pé kò dún. UNIMED ní ìlú Oǹdó, tí ìjọba ìpínlẹ̀ wa dá sílẹ̀ ní 2015, iṣẹ́ ìlera ni wọ́n dìídì dá a fún. Àkùngbá kò jìnnà. Rufus Giwa Polytechnic wà ní Ọ̀wọ̀ níbí, tó jẹ́ pé ọmọ lè ti ilé lọ ilé bọ̀, kí ó ṣe dípúlómà, kí ó sì gba Direct Entry wọ ọdún kejì ní yunifásítì. IJMB náà ń gbé ọmọ wọ ọdún kejì, ṣùgbọ́n kí òbí kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ yunifásítì tó fẹ́ bóyá wọ́n ń gbà á fún iṣẹ́ náà kí ó tó san owó fún ẹnikẹ́ni. Àwọn yunifásítì tí Mùsùlùmí dá sílẹ̀ náà wà: Crescent ní Abẹ́òkúta, Al-Hikmah ní Ìlọrin, Fountain tí NASFAT dá sílẹ̀ ní Òṣogbo, Summit tí Ansar-Ud-Deen dá sílẹ̀ ní Ọ̀ffà. Owó wọn ju ti ìjọba lọ, kò sí ẹni tó lè fi ìyẹn pamọ́ fún yín.

Ní ti owó, ìbéèrè kan tún wà tí wọ́n máa ń rọra bi wá lẹ́yìn ìrun. Owó tí ìjọba ń yá akẹ́kọ̀ọ́, ṣé kò ní èlé nínú? Òfin tí Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí ní 3 April 2024, tó fi owó náà sí abẹ́ NELFUND, kò fi èlé sí i. Ọmọ tó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga ti ìjọba ni ó wà fún. Owó ilé-ìwé ń lọ tààrà sí ọ̀dọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ náà, ìgbà tí ọmọ bá sì ti lo ọdún méjì lẹ́yìn àgùnbánirọ̀ ni ìsanpadà ń bẹ̀rẹ̀. Gbèsè ṣì ni o. Ẹni tó bá yá a, kí ó kọ ọ́ sílẹ̀, kí ó sì jẹ́ kí ẹbí mọ̀.

Lọ́dún tó kọjá, nígbà tí ọmọbìnrin wa onífisiọ́lọ́jì wálé fún ìsinmi, ó bá wa jókòó lọ́dẹ̀dẹ̀, ó ń kọ́ àwọn tó kù ní kẹ́mísírì. Ọmọkùnrin kan mú fọ́ọ̀mù rẹ̀ wá. Yunifásítì mẹ́rin ló kọ, gbogbo rẹ̀ Ìṣègùn. Ọmọbìnrin náà wò ó, kò sọ pé kí ó má ṣe é. Ó fa ìlà sí ẹ̀yìn ìwé kan, ó kọ èsì WAEC ọmọ náà sí apá kan, ó kọ iye tí yóò nílò ní Post-UTME sí apá kejì, ó sì bi í pé, "Tí ó bá fi máàkì méjì kù, kí ni o tún lè fi ìdùnnú kà?" Ọmọkùnrin náà ronú títí a fi pe ìrun Magrib. Ó dé lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e pẹ̀lú ohun mẹ́ta lórí ìwé. Ọ̀kan nínú wọn ni iṣẹ́ ẹni tó ń po oògùn, tí àwa àgbà kò rò pé ó mọ̀ pé ó wà.

Ẹni tó bá fẹ́ bá wa jókòó lọ́dún yìí, Sátidé ni, lẹ́yìn ìrun Asri. Kí ó mú èsì WAEC rẹ̀ wá bí ó bá ti jáde, kí ó mú bírò, kí òbí kan sì bá a wá lọ́jọ́ àkọ́kọ́.